Ẹ Má Gé Igbó Etídò: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìdàgbàsókè Ìlú Wa

Alága ìgbìmọ̀, ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin aṣojú àdúgbò gbogbo,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ igbó etídò ni mo bá wá.

Ẹ ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn igi tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, láti ẹsẹ̀ òkè títí dé ẹgàn tó kù nísàlẹ̀. Ẹ sì ti kéde pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, àwọn onígẹdú yóò wọ ibẹ̀, katakata yóò tẹ̀lé wọn, a ó sì gbin tíìkì. Àwọn ọ̀dọ́ kan kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí yín, wọ́n ní igbó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni labalábá àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké mìíràn ń gbà láti igbó òkè dé igbó ìsàlẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi fọ́tò há a. Ìdáhùn mẹ́ta ni ẹ fún wọn. Ẹ ní labalábá ní ìyẹ́, kò síbi tí kò lè fò dé. Ẹ ní igbó ìsàlẹ̀ ti ṣófo, kí ni a tún fẹ́ so igbó òkè mọ́? Ẹ ní tíìkì náà, igi ni. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ìpàdé sì tú ká.

Mi ò dárúkọ ìlú wa sínú lẹ́tà yìí. Ẹni tọ́rọ̀ kàn mọ ara rẹ̀, àti pé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, àwọn ìlú mìíràn ní Èkìtì ń gbèrò irú rẹ̀. Kí àwọn náà rí i kà. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ní oko kòkó, ṣùgbọ́n kò bá odò yẹn pààlà, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ pé ilẹ̀ ara mi ni mò ń jà fún.

1. Ẹ ní labalábá ní ìyẹ́.

Ó ní in. Àmọ́ àwọn àgbà tó sọ pé labalábá fi ara rẹ̀ wẹ́yẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ, wọ́n ti wò ó dáadáa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Nǹkan bí 1,500 oríṣi labalábá ló wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ìwà wọn kò sì dọ́gba. Àwọn tí ẹ ń rí lójú títì bí ẹ bá ń lọ sí Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́, ìta gbangba ni ilé wọn. Ọ̀kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí epo pupa, tí ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ dúdú pẹ̀lú àmì funfun tótòtó. Orí bọmubọmu ló ń yé sí, bọmubọmu kì í sì í hù nínú igbó tó ṣú. Ọ̀kan funfun wà tí kì í dúró pẹ́ níbì kan. Ewé àsùnwọ̀n àti rere ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Èyí dúdú ńlá tó ní àmì aláwọ̀ ìyeyè, tó ń rábàbà lórí igi ọsàn, ẹ̀yin tó gbin ọsàn mọ̀ ọ́n, ẹ sì ti ṣépè fún ọmọ rẹ̀ rí.

Irú àwọn tó ń gbé ìta báyìí lè rìn jìnnà débi tí ẹnu yóò yà yín. Lóṣù kẹwàá ọdún 2013, wọ́n rí àwọn labalábá kan tí wọ́n ń pè ní Vanessa cardui ní etíkun French Guiana, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ìyẹ̀fun òdòdó tó lẹ̀ mọ́ wọn lára wò, wọ́n bá ti igi ilẹ̀ Sàhẹ́lì níbẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2024 sọ pé láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti fò la òkun Àtìláńtíìkì kọjá, ó kéré tán 4,200 kìlómítà, tí afẹ́fẹ́ ń tì wọ́n lẹ́yìn. Bó bá wu ìgbìmọ̀, ẹ lè fi ìyẹn dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n Vanessa kò fi igbó etídò wa ṣe nǹkan kan.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni àwọn tó ń gbé abẹ́ ìbòòji. Ẹ wọ igbó òkè láàárọ̀, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ gba àárín ewé wọlé, ẹ óò rí wọn. Bicyclus wà níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé gbígbẹ, àmì bí ẹyinjú lábẹ́ ìyẹ́. Euphaedra wà níbẹ̀, ó tóbi, ó ń dán bó bá ṣí ìyẹ́ rẹ̀ nínú ìlà oòrùn. Nínú àwọn Cymothoe, akọ kan wà tó pupa bí osùn. Àwọn wọ̀nyí kì í sábà fò ga. Bicyclus àti Euphaedra, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fò láti abẹ́ igi kan sí abẹ́ òmíràn, wọ́n ń wá èso tó jábọ́ tó ti ń kan. Bí labalábá abẹ́ ìbòòji bá dé etí igbó tó rí ilẹ̀ gbalasa, ó sábà máa ń yí padà ni. Kò sí ògiri níbẹ̀. Oòrùn tó ń ta, afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ẹyẹ tó ń wá ohun tí yóò gbé: ìyẹn ti tó ògiri.

Díẹ̀ á dá a láṣà, á kọjá. Nínú díẹ̀ yẹn, abo tó lóyún ẹyin nìkan ló lè dá ìdílé sílẹ̀ níbi tó bá balẹ̀ sí, ó sì gbọ́dọ̀ bá igi tí ọmọ rẹ̀ lè jẹ níbẹ̀. Ọmọ Cymothoe pupa yẹn, igi kékeré abẹ́ igbó kan tí wọ́n ń pè ní Rinorea ló ń jẹ. Ẹ gbé e sáàárín oko ẹ̀gẹ́, ebi ni yóò pa á.

2. Ẹ ní igbó ìsàlẹ̀ ti ṣófo.

Èyí ló dùn mí jù, torí ó jọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, àwọn ènìyàn sì gbà á gbọ́. Ẹ ní ẹ rán ẹnì kan wọ ibẹ̀, kò rí labalábá kankan tó jọ èyí tí àwọn ọ̀dọ́ yà ní fọ́tò lórí òkè. Ẹ wá parí èrò pé igbó tí kò ní nǹkan nínú, kí ló fẹ́ fi ọ̀nà ṣe.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí ní Finland. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ilkka Hanski. Ó kú ní 2016. Ní àwọn erékùṣù Åland, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tọpasẹ̀ labalábá kan tó ń jẹ́ Melitaea cinxia. Pápá kéékèèké ni labalábá yìí ń gbé, pápá náà tó nǹkan bí 4,000, wọ́n fọ́n káàkiri sáàárín oko, igbó àti àpáta. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jáde lọ́dọọdún, tí wọ́n ń lọ láti pápá dé pápá, tí wọ́n ń wá ilé bí òwú aláǹtakùn tí àwọn ọmọ labalábá náà ń ta sórí ewé.

Wọ́n rí i pé lọ́dún kọ̀ọ̀kan, apá kékeré nínú àwọn pápá náà ni labalábá wà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kú tán láwọn pápá kan. Lọ́dọọdún náà ni àwọn kan ń fò wá gba pápá tó ti ṣófo. Púpọ̀ nínú wọn kì í rìn ju kìlómítà kan tàbí méjì lọ láyé wọn, nítorí náà pápá tó sún mọ́ òmíràn tètè ń kún padà, èyí tó dá wà níkọ̀rọ̀ á pẹ́ kó tó rí àlejò. Kò sí pápá kan ṣoṣo tí ẹ lè nawọ́ sí pé ilé wọn rèé. Gbogbo pápá náà pa pọ̀, èyí tó kún àti èyí tó ṣófo, pẹ̀lú ìrìn àárín wọn, ni ilé wọn.

Ẹ̀yin àgbà inú ìgbìmọ̀ rántí ìgbà tí ìṣáná kò sí ní gbogbo ilé. Bí iná bá kú lójú ààrò ìyá kan, ọmọ á mú àpáàdì, á lọ fọn iná wá nílé aládùúgbò. Iná kú nílé yìí lónìí, ó kú nílé tọ̀hún lọ́la, àmọ́ iná kì í tán ládùúgbò. Igbó ìsàlẹ̀ ti jìyà lọ́wọ́ onígẹdú rí, gbogbo wa mọ̀ ọ́n, igi sì ń hù padà níbẹ̀. Ààrò tí iná kú nínú rẹ̀ ni, kì í ṣe ààrò tó wó. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ni pé kí ẹ mọ odi sójú ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà gbé àpáàdì kọjá.

Ẹ má sì rò pé igbó ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Ní Jasper Ridge, lórí ilẹ̀ Yunifásítì Stanford ní California, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Paul Ehrlich bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀yà labalábá kan ní nǹkan bí ọdún 1960. Ilẹ̀ tí wọ́n dáàbò bò ni, ẹnikẹ́ni kò lọ gbé katakata wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé àti títì ti yí agbègbè náà ká, ibi tí ìbátan wọn ti lè wá ti dínkù, òjò àti ọ̀dá sì ń ṣe ségesège. Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, wọn kò rí labalábá náà níbẹ̀ mọ́.

Igbó òkè wa wà dòní nítorí èèwọ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi lé e. Mo bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ yẹn, kò jẹ́ kí àdá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kò lè dá ọ̀dá dúró. Lọ́dún tí ọ̀dá bá gbẹ igbó òkè, níbo ni àwọn tí yóò wá kún un padà yóò gbà wá?

3. Ẹ ní tíìkì náà, igi ni.

Igi ni lóòótọ́, mi ò sì bá a jà. Pákó tíìkì ń mówó wọlé, ìlú sì nílò owó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n fi ojú rí ní South Carolina, ní Amẹ́ríkà, fún yín.

Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Nick Haddad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí pápá gbalasa sáàárín oko igi páìnì. Wọ́n fi ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ so àwọn kan pọ̀, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ láìsopọ̀. Ọ̀nà náà gùn tó mítà 150, kò sì fẹ̀ ju mítà 25 lọ. Wọ́n sàmì sára oríṣi labalábá méjì, wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì ń wo ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn labalábá náà fi nǹkan bí ìlọ́po méjì sí mẹ́rin lọ sí pápá tó ní ọ̀nà ju èyí tí kò ní lọ. Ọ̀kan nínú méjèèjì, Junonia ni, ìbátan àwọn Junonia tó ń bà sójú ọ̀nà oko wa níhìn-ín.

Ẹ kíyè sí i dáadáa: àwọn labalábá tibẹ̀ fẹ́ràn oòrùn. Ohun tó dí wọn lọ́nà kì í ṣe ilẹ̀ gbalasa, igi ni! Igi páìnì tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà ló di ògiri fún wọn. Onímọ̀ mìíràn, Taylor Ricketts, náà rí irú rẹ̀ ní Colorado, ní Amẹ́ríkà kan náà, ní 2001: ó ṣòro fún púpọ̀ nínú àwọn labalábá pápá tó wò láti gba inú igi bíi páìnì kọjá ju kí wọ́n gba inú igbó kúkúrú lọ. Nítorí náà, kì í ṣe igi tàbí àìsí igi ni ìbéèrè. Irú ohun tó wà láàárín, àti bóyá ẹ̀dá tó fẹ́ kọjá mọ̀ ọ́n ní ilé, ni ìbéèrè.

Éṣíà ni tíìkì ti wá. A máa gbìn ín ní ìlà-ìlà, a máa ro abẹ́ rẹ̀, kò sì í fi igi kéékèèké tí ọmọ labalábá igbó ń jẹ sílẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ó ń wọ́ ewé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lásìkò gan-an tí ẹ̀dá abẹ́ ìbòòji nílò ìbòòji jù. Ewé ńláńlá yẹn á gbẹ, á bo ilẹ̀, ẹni tó bá sì mọ bí iná ìgbẹ́ ṣe ń rìn ní Èkìtì lóṣù kìíní mọ ohun tí mò ń wí.

Bí ohun mìíràn bá wà tí a lè fi sáàárín igbó méjèèjì, oko kòkó ayé àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn baba wa gbìn sábẹ́ ìrókò, àfàrà àti ọmọ̀, tí igi obì wà láàárín rẹ̀. Kì í ṣe igbó, ṣùgbọ́n ìbòòji wà níbẹ̀, ewé jíjẹrà wà nílẹ̀, labalábá igbó púpọ̀ lè gba abẹ́ rẹ̀. Kòkó òde òní tí a gbin sínú oòrùn, tí a gé gbogbo igi ńlá orí rẹ̀ kúrò, kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí n má sì purọ́ fún yín láti gbe ẹ̀bẹ̀ mi lẹ́sẹ̀: labalábá kọ́ ló ń mú kòkó so. Kòkòrò tíńtín kan, tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí, ló ń gbé ìyẹ̀fun láti òdòdó kòkó kan sí òmíràn. Inú ewé jíjẹrà, èèpo kòkó àti ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó tutù ló ń bímọ sí. Lóko tó wà nítòsí odò yẹn, abẹ́ igbó etídò ni ọ̀rinrin bẹ́ẹ̀ ń pẹ́ sí jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdajì ìgbìmọ̀ yín ló jẹ́ olóko kòkó. Ẹ ro ìyẹn.

4. Bí ẹ ṣe gbé e gbà.

Kí ẹnikẹ́ni nílùú tó gbọ́, ọ̀dà ti wà lára igi. Ẹ kò pe àwọn obìnrin tó ń já ewé eéran àti ewé gbòdògí létí odò yẹn, tí wọ́n ń ṣa ìgbín níbẹ̀ nígbà òjò. Ẹ kò pe àwọn tó ń pọn omi nísàlẹ̀. Ẹ kò tíì sọ iye tí onígẹdú san, ẹni tó gba owó náà, àti ibi tí ó wà. Mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o. Àmọ́ ìwé àdéhùn kì í ṣe ohun awo.

5. Ọ̀rọ̀ yìí ju labalábá lọ.

Nínú igbó ọba Ìsẹ̀, ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, àwọn ṣìmpáńsì ṣì wà, irú èyí tó jẹ́ pé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan la ti ń rí i. Oko àti ẹ̀rọ ìgégi ń fún àwọn náà mọ́ra lójoojúmọ́. Ní 2015, Haddad àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ mìíràn wo àwòrán igbó gbogbo àgbáyé, wọ́n sì rí i pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún igbó tó kù ni kò jìnnà ju kìlómítà kan lọ sí etí igbó. Ní Èkìtì, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán hàn wá kí a tó gbà. Ẹ dúró lórí òkè èyíkéyìí láàárín Ẹ̀fọ̀n àti Ìkẹ́rẹ́, kí ẹ ka iye igbó tó dá dúró bí erékùṣù láàárín oko àti ilé. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹni tó bá gé igbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó so méjì pọ̀ ti ba méjèèjì jẹ́.

6. Ohun tí a ń béèrè.

Ẹ pa àmì pupa rẹ́ lára gbogbo igi tó wà láàárín mítà 25 sí odò, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, láti ẹsẹ̀ òkè dé ẹgàn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìgbìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gégi níbẹ̀, kí Kábíyèsí sì fọwọ́ sí i, kí ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín má baà sọ pé àwọn kò mọ̀.

Ẹ gbé tíìkì lọ sí ilẹ̀ bẹrẹ tó wà lẹ́bàá títì. Ilẹ̀ ìlú náà ni, ọkọ̀ onígẹdú yóò tètè dé ibẹ̀, kò sì sí igbó tí a ó pa lórí rẹ̀. Kò yé mi rárá ìdí tí ìyẹn kò fi jẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ yàn.

Ibi méjì tí igbó etídò ti já nítorí ọ̀nà oko, kí ẹ jẹ́ kí á gbin igi tiwa síbẹ̀: ayùnrẹ́, ìta, ọmọ̀, ìrókò. Ewé ayùnrẹ́ wà lára ohun tí ọmọ àwọn Charaxes kan ń jẹ, àwọn labalábá alágbára tí àwọn adẹ́mu mọ̀ dáadáa torí wọn kì í kúrò nídìí agbè. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ fi rẹ́rìn-ín ti sọ pé àwọn yóò gbìn ín lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó tún sọ pé igbó kan ṣófo, ẹ jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ girama wa yẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún méjì, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò náni ní nǹkan púpọ̀. Àwọ̀n tí a rán yíká bí agbọ̀n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù tí a fi ẹmu pò, a gbé e kọ́ sábẹ́ igi. Labalábá ajèso á wọlé, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á fi bírò aláwọ̀ kọ nọ́ńbà sí i níyẹ̀ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á tú u sílẹ̀. Bí èyí tí a sàmì sí lórí òkè bá wọ àwọ̀n tí a gbé kọ́ etídò tàbí ìsàlẹ̀, a ti mọ ọ̀nà tó gbà. Ọwọ́ ara wa la ó fi mọ̀ ọ́n, kò ní jẹ́ ohun tí wọ́n sọ ní Finland tàbí Amẹ́ríkà nìkan.

Ẹ lẹ ìwé àdéhùn onígẹdú mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú, níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i kà.

Mo fẹ́ kí ẹ dáhùn ní ìpàdé ìlú tó kàn, ní gbangba, kókó kan lẹ́yìn òmíràn, kí onígẹdú tó gbé ẹ̀rọ dé. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ kí n mú àwọn fọ́tò náà wá, kí a sì jọ rin etídò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ dá ọjọ́, mo ṣe tán.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ báyọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìlú